Àtẹ ìgbà, kì í ṣe ìlà àkókò

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé ká pe timeline tí àwọn tíṣà ń fi kọ́ ìtàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní “ìlà àkókò”. Èmi ò fara mọ́ ọn.

Ìlà ni ohun tí ọmọ ilé-ìwé ń fi rúlà fà, àmì bíńtín-bíńtín ló sì máa ń sàmì sí orí rẹ̀. Ẹ ní kó to ogun Ìbàdàn sórí ìlà, yóò fi Kírìjì, ogun tí Ìbàdàn bá Èkìtì Parapọ̀ jà, sí 1877, yóò sì kọjá. Bẹ́ẹ̀ láti 1877 di 1893 ni Kírìjì fi jà. Inú rẹ̀ ni Ogun Jálumi wà, ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá 1878. Inú rẹ̀ náà ni Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, kú sí ní 1885. Ẹ wò ó nínú TimelineJS, irinṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fi ohun tí ẹ kọ sínú spreadsheet ya timeline: bí ẹ bá fi 1893 sí kọ́lọ́ọ̀mù End Year, Kírìjì á nà gbọọrọ, Jálumi á bọ́ sí ọ̀wọ́ mìíràn, wọ́n á jọ wà lójú kan náà. Bí ìyá aláta ṣe ń pàtẹ l'Ọ́jàa Ọba nìyẹn, rodo lọ́tọ̀, tàtàṣé lọ́tọ̀, oníbàárà ń rí gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àtẹ ni. “Ìgbà” sì dára ju “àkókò” lọ, torí “ìgbà Ògúnmọ́lá” la máa ń wí.

Ẹnì kan dá “alájọṣepọ̀” lábàá fún interactive. Ìyẹn ń mú ọkàn ẹni lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù! Ọmọ tẹ ojú àtẹ, àtẹ fèsì: “àtẹ ìgbà afèsì”. Fídíò, ẹ jẹ́ ó máa jẹ́ fídíò. Líǹkì rẹ̀ lásán lẹ ó lẹ̀ mọ́ kọ́lọ́ọ̀mù Media.

Ibi tí èdè wa ti ń ko àwọn tíṣà sí wàhálà nìyí. Wọ́n á kọ “nǹkan bí 1829”, ọdún tí àwọn jagunjagun tẹ Ìbàdàn dó, sínú kọ́lọ́ọ̀mù Year, àtẹ ò ní ṣí mọ́, nítorí nọ́ńbà nìkan ni ibẹ̀ ń gbà. 1829 ni kẹ́ ẹ fi sí Year, kí “nǹkan bí 1829” lọ sí Display Date. Òun ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí. Ẹ má sì gé “nǹkan bí” yẹn kúrò kí iṣẹ́ lè yá o, irọ́ la ó máa fi kọ́ ọmọ.

Era, ìyẹn ìgbà gígùn tó kó ìṣẹ̀lẹ̀ púpọ̀ sínú, ló kù. “Sáà” ni mo fi sílẹ̀ fún un; ẹni tó bá ní èyí tó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú un wá.