Hantek 6022BE lórí Raspberry Pi 4: ó ń já, ó sì ń fẹ́ sudo

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Hantek 6022BE (scope, ẹ̀rọ USB tó ń fi ìgbì iná hàn lórí kọ̀ǹpútà) ló wà lára Raspberry Pi 4 (kọ̀ǹpútà kékeré), ètò OpenHantek6022 ni mo fi ń wò ó. Láìsí sudo (àṣẹ alábòójútó lórí Linux), kò rí scope rárá. Pẹ̀lú sudo, ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò ní pẹ́ tí yóò fi já. UART 115200 àti SPI 8 MHz (ọ̀nà méjì tí Pi fi ń bá ẹ̀rọ mìíràn sọ̀rọ̀) lórí GPIO (àwọn pínnì) Pi yẹn gan-an ni mo fẹ́ wò. Kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Ìdáhùn 1
Ìṣòro méjì ni, ẹ má pa wọ́n pọ̀.

Ti sudo, ọ̀rọ̀ àṣẹ lásán ni. Ẹ da fáìlì 60-openhantek.rules tó bá OpenHantek wá kọ sínú /etc/udev/rules.d, ẹ yọ scope, ẹ tún un so. Kọ̀ǹpútà ló ń kó firmware (ètò inú ẹ̀rọ) sínú scope yìí ní gbogbo ìgbà tí iná bá wọ inú rẹ̀. Nítorí náà, lsusb (àṣẹ tó ń to àwọn ẹ̀rọ USB) á kọ́kọ́ fi 04b4:6022 hàn, lẹ́yìn náà 04b5:6022. Bí kò bá kúrò lórí 04b4, firmware kò wọlé nìyẹn.

Ti jíjá, iná ni kí ẹ fura sí. Bí scope bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ tẹ `vcgencmd get_throttled`. 0x0 ló yẹ kó jáde. 0x50000 túmọ̀ sí pé iná ti lọ sílẹ̀ rí látìgbà tí ẹ ti tan Pi. 0x50005, ó lọ sílẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Pi 4 fẹ́ ṣájà 5.1 V, 3 A. Ṣájà fóònù kì í sábà tó o, kébù tẹ́ẹ́rẹ́ sì máa ń jẹ iná lójú ọ̀nà. 1.2 A ni ihò USB mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń pín. Tí SSD bá tún wà níbẹ̀, ẹ lo hub tó ní ṣájà tirẹ̀. Kébù orí méjì tó bá scope wá, ẹ so orí méjèèjì.

Ìdáhùn 2
UART á hàn kedere: bíìtì kan jẹ́ 8.7 µs, ní 15 MS/s (ìwọ̀n mílíọ̀nù 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ẹ ó rí nǹkan bí ìwọ̀n 130 lórí rẹ̀. SPI 8 MHz ni kò ṣeé ṣe. Bí ẹ bá ṣí ojú (channel) méjèèjì, 15 MS/s ni òpin, kò tó ìwọ̀n méjì lórí ìyípo kan. Ìgbì bíi 7 MHz tí kò sí níbì kankan ni yóò hàn, ẹ ó sì máa wá àṣìṣe nínú kóòdù tí kò ní àṣìṣe. Ẹ dín clock SPI kù sí 1 MHz nínú kóòdù yín, ẹ wò ó, kí ẹ tó dá a padà.

Scope yìí kò ní ibi tó ń kó dátà pamọ́ sí, tààrà ló ń rán an gba USB. Tí Pi bá ń ṣe iṣẹ́ mìíràn, dátà á sọnù láàárín. Ẹ pa browser.

Ìdáhùn 3
Ẹ̀yin méjèèjì kò tíì mẹ́nu kan ground (òdo fólítì), òun ló sì lè ba Pi jẹ́. Ground probe (wáyà tí scope fi ń kan pínnì) àti ground Pi, ọ̀kan náà ni wọ́n, USB ló so wọ́n pọ̀. Pínnì 6 ni kí ẹ fi kílíìpù ground probe gbá mú. Bó bá kan pínnì 1 (3.3 V) tàbí 2 (5 V), ẹ ti so iná mọ́ ground nìyẹn. Iná ilé, ẹ má fi scope yìí kàn án láéláé.

Ẹ fi probe sí ×10, kí ẹ yàn án bẹ́ẹ̀ nínú OpenHantek náà. ×1 máa ń wúwo lórí wáyà, etí ìgbì á rí róbótó. Ẹ kọ́kọ́ kan ẹnu probe mọ́ ibi ìdánwò 1 kHz tó wà lára scope, kí ẹ yí skrúù kékeré ara probe títí orí ìgbì yóò fi tẹ́jú.

Olùbéèrè
0x50005 ló jáde. Mo ń pààrọ̀ ṣájà báyìí. Ẹ ṣeun púpọ̀.