Kí la lè tẹ̀ sára ike omi tí ọmọdé á fi fẹ́ràn rẹ̀?

Alómi Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi àti ọkọ mi la ni ilé iṣẹ́ omi kékeré kan. A fẹ́ ṣe omi inú ike 33cl fún ọmọ iléèwé àti ọjọ́ ìbí. Léébù aláwọ̀ búlúù pẹ̀lú ẹ̀kán omi ló kún ìgboro, kò sí èyí tó bá ọmọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń rí i lóde àríyá tí àwọn ọmọ ń ti omi sẹ́yìn, tí wọ́n ń du mínírà. Mo ń rò ó pé ká ṣe ike náà bí ìjàpá, ká fi nǹkan ìṣeré sínú ìdérí. Kí lẹ rí sí i?

Atẹ̀wé Ṣómólú:
Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa. Léébù ni mò ń tẹ̀, ti omi ló sì pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tó ń wọlé. Ẹ jẹ́ ká fi ìjàpá sílẹ̀ ná. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ike máa ń dé ní kékeré, tó nípọn, tó jẹ́ ẹnu rẹ̀ nìkan ló ti pé. Inú mọ́ọ̀dù, ìyẹn ohun tó ń fún ike ní ìrísí, ni ẹ̀rọ ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ẹsẹ̀ ìjàpá á gba mọ́ọ̀dù tuntun, owó ńlá nìyẹn, ibi tó bá sì ṣe ṣóńṣó á fẹ́lẹ́.

Ike roboto tó, torí inú omi gan-an leré wà. Ẹ bu omi kún èyí tí ara rẹ̀ dán. Ẹ ya ẹja kékeré sórí ìwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ike, kí àwòrán náà kọjú sínú omi, kí ẹ wá wò ó láti iwájú. Ẹja yẹn á fẹ̀ tó ìlọ́po méjì, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ga sí i. Bí ọmọ ṣe ń mu ún, ibi tí omi bá ti kúrò, ẹja á rù níbẹ̀. Omi inú ike tí wọ́n ń pè ní Fiji náà ń lo ẹ̀yìn léébù bẹ́ẹ̀.

Tó bá jẹ́ tèmi, àlọ́ ni màá tẹ̀ síwájú: “Kí ló ń kọjá lójúde ọba tí kò kí ọba?” Ìdáhùn rẹ̀, àgbàrá òjò, á wà lẹ́yìn, lẹ́tà ńláńlá, ọmọ á yọjú wò ó gba inú omi. Náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara ni kẹ́ ẹ lò o. Pépà á ṣí nínú kúlà oníyìnyín, ẹ ó kàn máa rí i tó léfòó.

Olùkọ́ Jẹ́lé-ó-sinmi:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan ìṣeré sínú ìdérí rárá. Ẹnu lọmọ ọdún méjì ń kó gbogbo nǹkan sí, ó lè há a lọ́fun. Àlọ́ yẹn wù mí gan-an. Kó má jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo o. Nínú páálí kan náà, ẹ jẹ́ kó yàtọ̀ síra, kí wọ́n lè máa pa á fúnra wọn.

Alómi Ìbàdàn:
Ẹ ṣé gan-an ni. A ti lẹ ẹja mọ́ ọn, ọmọ mi ò jẹ́ ká gba ike náà lọ́wọ́ òun mọ́, ó sì mu omi rẹ̀ tán! Nọ́ńbà NAFDAC ńkọ́? Ibo ló máa wà?

Atẹ̀wé Ṣómólú:
Ibi tí èèyàn á ti tètè rí i ni, mà. Nọ́ńbà, orúkọ ilé iṣẹ́, àdírẹ́sì àti ìwọ̀n omi, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sójú kan, kó hàn ketekete. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ tẹ déètì sọ́rùn ike. Ẹ má tíì tẹ ọ̀pọ̀ o, ẹ kọ́kọ́ mú àwòrán léébù náà lọ fún NAFDAC.