Iná sólà mi ti dín kù: ṣé pánẹ́ẹ̀lì ló ti gbó?

Onílé Tuntun
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Pánẹ́ẹ̀lì 6 ni mo ní, 400W ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n so wọ́n tẹ̀ léra, ìtò méjèèjì wá pàdé níbi kọntirólà MPPT, ẹ̀rọ tó ń darí iná láti pánẹ́ẹ̀lì lọ sí bátìrì. Wọ́n ti lo ọdún 4 lórí òrùlé. Tẹ́lẹ̀, tí ojú ọjọ́ bá mọ́ lọ́sàn-án gangan, kọntirólà máa ń fi bíi 2,000W hàn. Ní báyìí, agbára káká ló fi ń dé 1,600W. Ẹni tó wá wò ó ní pánẹ́ẹ̀lì ti gbó, kí n pààrọ̀ gbogbo wọn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Mítà kékeré kan wà lọ́wọ́ mi.

Alámítà
Ẹ má tíì náwó. Gbígbó lásán kì í fi ọdún 4 jẹ ìdá kan nínú márùn-ún agbára pánẹ́ẹ̀lì tó dáa. Lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́, ohun tó ń lọ lọ́dún kì í sábà ju 1 nínú 100 lọ.

Báwo ni bátìrì ṣe wà nígbà tí ẹ rí 1,600W yẹn? Bí bátìrì bá ti ń kún, kọntirólà fúnra rẹ̀ ló ń dín iná kù. Pánẹ́ẹ̀lì ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí bátìrì lọ sílẹ̀, kí ẹ tan àwọn nǹkan tó ń jẹná gan-an, kí ẹ tó kà á.

Ẹ fọ̀ wọ́n pẹ̀lú, láàárọ̀ kùtù, torí omi tútù lè sán gíláàsì tó ti gbóná. Omi lásán àti kànìnkànìn rírọ̀ ti tó. Ẹ wo etí ìsàlẹ̀ dáadáa, níbi tí férémù ti ń gbé omi dúró. Ìdọ̀tí máa ń dì síbẹ̀, á sì bo ìlà sẹ́ẹ̀lì tó kángun síbẹ̀, bí òkè tilẹ̀ ń dán.

Onílé Tuntun
Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Bátìrì ò tíì dé ìdajì nígbà tí mo kà á. Mo ti fọ̀ wọ́n; ó gòkè dé 1,750W, ó sì dúró síbẹ̀.

Alámítà
Ó kù díẹ̀ nìyẹn. Ẹ wọn ìtò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ẹ kọ́kọ́ pa bírékà DC (iná tó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo, irú ti pánẹ́ẹ̀lì) tó wà láàárín pánẹ́ẹ̀lì àti kọntirólà. Ẹ ò gbọdọ̀ fa MC4, ìyẹn ike tí wọ́n fi ń so wáyà pánẹ́ẹ̀lì pọ̀, yọ nígbà tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá: á dáná lójú yín, iná DC kì í sì í tètè kú. Ẹ gbé mítà sí DC, níbi tó lè ka ju 200V lọ, kí ẹ wọn ìkejì ní kété tí ẹ bá wọn ìkíní tán, kí ojú ọjọ́ má baà yí pa dà mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ wo Voc, ìyẹn fólítì pánẹ́ẹ̀lì nígbà tí iná ò tíì máa kọjá, lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì. Tó bá jẹ́ 37V, mẹ́ta á jẹ́ 111V, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ooru 25°C ni wọ́n fi kọ ọ́. Bí pánẹ́ẹ̀lì bá fi 10°C gbóná sí i, bíi 3 nínú 100 ni fólítì á fi wálẹ̀. Tó bá wà ní 60°C, nǹkan bí 100V ni kí ẹ retí.

Onílé Tuntun
37V ni wọ́n kọ síbẹ̀ lóòótọ́. Ìtò kìíní 101V, ìkejì 90V.

Ìyá Oníná
Ọwọ́ yín ti bà á! Dáyóòdù 3 ló wà lẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta sẹ́ẹ̀lì: bí òjìji bá bo ìdá náà, òun ló ń fún iná ní ọ̀nà àbùjá. Bí ọ̀kan bá jóná tó sì di wáyà lásán, ìdá yẹn ti kú nìyẹn: bíi 11V ló máa ń bá a lọ. Ẹ tú ìtò kejì ká, kí ẹ wọn pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Méjì á fi bíi 34V hàn, ọ̀kan á fi bíi 22 tàbí 23V hàn. Bí gbogbo wọn bá jọ wá sílẹ̀ sí 30V, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra o: dáyóòdù tó já, tí kò gba iná mọ́, kò ní hàn nínú Voc rárá. Ìyẹn ló léwu jù, torí bí òjìji bá bo sẹ́ẹ̀lì kan, sẹ́ẹ̀lì náà á máa gbóná títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi jó. Ẹ wo ẹ̀yìn gbogbo pánẹ́ẹ̀lì bóyá àpá pípọ́n tàbí ibi tó wú wà níbẹ̀.

Ọ̀gá Wáyà
Kí ẹ tó dá a pa dà, ẹ yẹ àwọn MC4 wò. Akọ láti ilé iṣẹ́ kan àti abo láti òmíràn lè dún "kẹ́kẹ́" kí wọ́n sì dúró, síbẹ̀ irin inú wọn ò fara kanra dáadáa. Èyí tí wọ́n fi ẹnu pílásì tẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Voc ò ní tú àṣírí wọn, torí iná ò kọjá nígbà tí ẹ ń wọ̀n. Ẹ tan iná pa dà, kí ẹ fi clamp meter tó ń ka DC (mítà tó ń gbá wáyà mú láti ka áḿpìà) wo ìtò méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì wo MC4 tó gbóná ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ike tó ti ń yọ́ tàbí tó ti pọ́n, ẹ gé e kúrò.

Onílé Tuntun
Ẹ̀yin ọ̀gá, mo rí i! Pánẹ́ẹ̀lì àárín ló wà ní 22.6V. Ṣé wọ́n lè pààrọ̀ dáyóòdù yẹn?

Ìyá Oníná
Ó dọ́wọ́ àpótí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ìdérí rẹ̀ bá ṣeé ṣí, ẹ fi aṣọ tó nípọn bo ojú pánẹ́ẹ̀lì, kí ẹ gbé mítà sí àmì dáyóòdù. Èyí tó dáa á fi bíi 0.2 sí 0.4V hàn lápá kan, kò ní ka nǹkan kan lápá kejì. Èyí tó fi 0 hàn lápá méjèèjì ni kí wọ́n yọ. Kí áḿpìà tuntun má kéré sí ti àtijọ́.

Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn 400W ìsinsìnyí, wọ́n ti da gọ́ọ̀mù kún inú àpótí. Ẹ má fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ o. Omi á ráyè wọlé. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ àti ojú mítà, kí ẹ fi béèrè ẹ̀tọ́ yín lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Bó bá di pé ẹ ní láti ra òmíràn, Imp rẹ̀ (áḿpìà rẹ̀ nígbà tó bá ń mú agbára rẹ̀ tó ga jù wá) ni kí ẹ bá ti àwọn tó kù dọ́gba, torí nínú ìtò, èyí tí áḿpìà rẹ̀ bá kéré jù ló ń fa àwọn yòókù sẹ́yìn.

Ọ̀gá Wáyà
Ẹ wo òjìji náà kí tuntun tó gòkè. Bí ẹ̀ka igi tàbí táńkì bá ń bo igun kan náà lójoojúmọ́, dáyóòdù ibẹ̀ ò ní sinmi. Bí kò bá sí òjìji, mànàmáná ni kí ẹ fura sí. Ẹ yẹ SPD, ohun tó ń gba agbára mànàmáná kó má baà ba ẹ̀rọ jẹ́, inú àpótí bírékà wò bóyá fèrèsé rẹ̀ ti di pupa.