Báwo la ṣe ń ṣe ipa ọmọ ìta tí kò fi ní di àwàdà?

Olùbéèrè:
Ẹ̀yin àgbà inú gúrúùpù, ẹ kú iṣẹ́ o. Eré orí ìtàgé kan la ń múra rẹ̀, Èkó ọdún 1990 ló ti wáyé. Ẹni tó ń ṣe Jímọ̀, olórí àwọn ọmọ ìta, ń han gooro, ó ń ju èjìká, ó wọ dúdú látòkè délẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀rín làwọn tó wá wò wá ń rín. Kí ló kù? Ìjà ilé ọtí kan tún wà níbẹ̀ tí wọ́n ti máa fọ́ ìgò mọ́ èèyàn lára. Ẹ dákun, ìmọ̀ràn.

Adarí eré:
Ariwo yẹn gan-an ló bà á jẹ́. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá orúkọ, ló ń pariwo. Ọ̀gá á sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ni yóò na ọrùn kó tó gbọ́. Ara àwọn tó yí i ká ni kẹ́ ẹ ti jẹ́ ká rí ẹ̀rù rẹ̀. Bó bá ti yọ, kí ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì dìde, kí ẹni tó ń mu sìgá fi í pamọ́ sẹ́yìn, kí ìyá olóúnjẹ bu ẹran sí abọ́ láìbéèrè owó. Ẹ fi nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ṣe èyí kí Jímọ̀ tó la ẹnu rárá.

Ní ti ìrìn, kó ya ẹsẹ̀ díẹ̀, kó máa fi gìgísẹ̀ tẹlẹ̀ kó tó tẹ ọmọ ìka, kó dẹ èjìká kan ṣoṣo sílẹ̀. Èjìká méjèèjì tó ń jù yẹn, ijó ló jọ. Bó bá sì fẹ́ kóhùn òun ha, kó má fún ọ̀fun o. Ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀léra, ohùn á lọ ráúráú. Kó mú ohùn wálẹ̀, kó fi èémí gbé e láti ikùn.

Ọ̀kan nínú wa:
Irú èwo ni Jímọ̀ ná? Àgbèrò níṣẹ́ lọ́wọ́, èrò ló ń gbé sọ́kọ̀ ní gáréèjì, ibẹ̀ lorúkọ náà ti wá. Tọ́ọ̀gì, olóṣèlú ló ń bọ́ ọ. Jàgùdà ní tiẹ̀, àpò olápò ló ń wò. Bẹ́ ẹ bá dà wọ́n pọ̀, ẹnu rẹ̀ ò ní dúró sójú kan.

Olùbéèrè:
Àgbèrò ni o, ní gáréèjì.

Aránṣọ:
Dúdú látòkè délẹ̀, ti sinimá òyìnbó nìyẹn. Ẹ wá síńgílẹ́ẹ̀tì funfun, ṣòkòtò jíǹsì àti sálúbàtà. Kó tó di pé ó wọ̀ ọ́, ẹ rẹ síńgílẹ́ẹ̀tì náà sínú tíì gbígbóná, àpò tíì 10 sí omi lítà 2, fún wákàtí kan, kó lè pọ́n. Ẹ fi sáńpépà ha eékún àti etí ṣòkòtò. Ìfúnpá kan péré tó fún un lápá. Ẹ má so mẹ́ta mọ́ ọn bíi pé ó fẹ́ tà á. Ẹni tó gbé nǹkan sára, fìrí ló ń jẹ́ kéèyàn rí i.

Olóhun-èlò:
Owó o! Ní 1990, náírà 20 ló tóbi jù. 1991 ni náírà 50 dé, 100 di 1999. Bẹ́ ẹ bá gbé 500 jáde, àwọn àgbàlagbà inú gbọ̀ngàn á bú sẹ́rìn-ín, ẹ ò sì ní mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Kó ká owó náà gbọọrọ, kó kì í bọ àárín ìka. Bí dírẹ́bà ò bá sanwó, wáípà ni wọ́n máa ń fà yọ, tàbí dígí ẹ̀gbẹ́, tàbí ìdérí táńkì epo. Ẹ ti dẹ nọ́ọ̀tì wáípà náà tẹ́lẹ̀ kó lè já lẹ́ẹ̀kan.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣé gan-an. Ìgò ńkọ́?

Olóhun-èlò:
Ìgò gidi kọ́ o, kódà èyí tó ti sán. Ife ọtí ló ba Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà, lórí ní ilé ọtí kan l'Abẹ́òkúta lọ́dún 1980, ibẹ̀ ló gbà kú.

Ṣúgà ni kẹ́ ẹ fi ṣe é: ṣúgà ife 3½, omi ife 2, glucose olómi ife 1. Ẹ sè é lórí iná jẹ́jẹ́ títí yóò fi dé 150°C. Bí ẹ ò bá ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru, ẹ kán díẹ̀ sínú omi tútù: bó bá tẹ̀, kò tíì jinná, bó bá ṣẹ́ kà, ó ti tó. Ẹ fi òróró pa inú mọ́ọ̀dì, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ara ìgò náà fẹ́lẹ́, bíi mìlímítà 3. Ìdí ìgò ló máa ń nípọn, ibẹ̀ ló ń dá ọgbẹ́, nítorí náà agbede ìgò ni kó ba èèyàn, lẹ́yìn èjìká, kí ojú rẹ̀ wà ní dídì. Orí kọ́ o, ohun yòówù kí ìwé eré wí.

Ọ̀tá ìgò ṣúgà yìí ni afẹ́fẹ́ Èkó. Ọ̀rinrin á wọ̀ ọ́, á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, á tẹ̀ dípò kó fọ́. Àárọ̀ ọjọ́ eré ni kẹ́ ẹ sè é, kẹ́ ẹ dì í sínú ọ̀rá pẹ̀lú ìrẹsì gbígbẹ. Ẹ ṣe mẹ́ta fún ìgò kan, méjì á fọ́ kó tó dórí ìtàgé.

Adarí eré:
Ta ló ń fọ́ ìgò náà? Bó bá jẹ́ Jímọ̀ ni, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e fún ọmọ ẹ̀yìn. Kí Jímọ̀ ti jáde kó tó fọ́.