Ẹ̀yin tí ẹ̀rọ tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ láti lù wà láyà yín tàbí láyà èèyàn yín nítorí àìsàn ọkàn, báwo ló ti rí láti ọdún wọ̀nyí?

Ìyá Táyọ̀ (Manchester):
Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ni gbogbo èèyàn máa ń ròyìn. Ọjọ́ yẹn ò le. Lókè àyà òsì ni wọ́n ti la ọkọ mi, wọ́n ki ẹ̀rọ náà bọ abẹ́ awọ, wọ́n gba inú iṣan fi wáyà dé inú ọkàn, kò pẹ́ tí a fi délé.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ba ọkàn wọn jẹ́. Ó ti fẹ̀, kò lè ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara mọ́, ẹsẹ̀ ń wú, wọn ò lè sùn láìfi ìrọ̀rí gbé àyà sókè. CRT-D ni wọ́n fún wọn. Ó ń jẹ́ kí ọ̀tún àti òsì ọkàn máa lù pọ̀, bí ọkàn bá sì ṣe ségesège débi tó lè pani, á fi iná jí i. Láàárín oṣù díẹ̀ wọ́n ti ń gun àtẹ̀gùn ilé wa láìdúró mí.

Nígbà tó yá ni iná ẹ̀rọ náà gbé wọn. Ilá ni wọ́n ń rẹ́ lọ́wọ́. Mo gbọ́ "yéè!", ọ̀bẹ já bọ́. Wọ́n ní àfi bí ẹni fi ọmọ odó gbá àwọn láyà. Ara dá lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò lọ. Wọn ò fẹ́ dá wà nílé, wọn ò fẹ́ tilẹ̀kùn wẹ̀. Òfin ilẹ̀ yìí tún ní kí wọ́n má wakọ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ẹ̀rù yẹn gan-an, ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀ rẹ̀ fún wa.

Mo ka ìwádìí RAFT ti Kánádà, tó fi irú ẹ̀rọ méjì wéra lára àwọn tí ọkàn wọn ti rẹ̀, èyí tí wọ́n gbé àbájáde ọlọ́jọ́ pípẹ́ rẹ̀ jáde ní 2024. Àwọn aláìsàn inú rẹ̀ tó ṣì wà láàyè, wọ́n ti tọpa wọn fún bí ọdún 14. Nínú àwọn tó gba irú ti ọkọ mi, bí 71 nínú 100 ti kú. Nínú àwọn tó gba èyí tó ń fi iná jíni nìkan, bí 76. Ẹnu mi gbẹ. Àmọ́ ọkàn tó ti bàjẹ́ ni gbogbo wọn gbé débẹ̀. Ní tèmi, àyè ni ẹ̀rọ ń fúnni, kì í sọ ọkàn di tuntun. Wọ́n ṣì gbọ́dọ̀ máa lo oògùn, kí wọ́n sì dín iyọ̀ kù. Láràárọ̀, tí wọ́n bá tọ̀ tán, ọkọ mi á gun ìwọ̀n. Bó bá fi kílò méjì lé láàárín ọjọ́ mẹ́ta, omi ló ń gbára jọ nìyẹn, a ó pe nọ́ọ̀sì.

Ọmọ Òkè-Àdó (Ìbàdàn):
Ẹ ṣeun, mà. Péèsìméékà lásán, èyí tó kàn ń bá ọkàn lù tí kì í fi iná jíni, ni ti bàbá mi, torí ọkàn wọn ń lù lọ́ra jù, wọ́n sì ń dákú. Ìdákú dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wú. Dókítà ní bí ẹ̀rọ bá ń ti apá ọ̀tún nìkan fún ìgbà pípẹ́, ó máa ń mú kí ọkàn àwọn mìíràn rẹ̀. Wáyà mìíràn ni wọ́n fẹ́ fi kún un báyìí, báátìrì náà sì ti ń tán lọ.

Owó àpò wa ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ péèsìméékà ilé iṣẹ́ kan wò kì í ka ti ilé iṣẹ́ mìíràn, ẹni tó ní èyí tó bá ti bàbá mi mu, Èkó ló ti ń bọ̀, ìgbà tó bá wù ú ló ń wá. Ilé ìwòsàn tó fi í sí wọn láyà ò fún wa ní káàdì tó sọ irú ẹ̀rọ tó jẹ́, dókítà tó ṣe é sì ti jápa. Inú X-ray la ti mọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é!

Àǹtí Ìjẹ̀bú (London):
Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí a kì í fẹ́ sọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lo ẹ̀rọ tó ń fi iná jíni pẹ́, wọ́n pààrọ̀ báátìrì, wọ́n gbé ọmọ-ọmọ jó. Nígbà tí kò sí oògùn tó ràn wọ́n lọ́wọ́ mọ́, nọ́ọ̀sì ní ká jẹ́ kí àwọn pa iná tó ń jíni yẹn. Ilé dàrú. "Ṣé ẹ fẹ́ pa wọ́n ni?" Ó ṣàlàyé pé apá tó ń bá ọkàn lù á ṣì máa ṣiṣẹ́, kò sí abẹ níbẹ̀, bí a ò bá pa á, iná lè máa gbé ẹni tó ń kú lọ léraléra. Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn ló ní ká pa á.

Ìyá Táyọ̀:
Àǹtí, ẹ kú ìrọ́jú. Ọmọ Òkè-Àdó, ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà, ẹ fi orúkọ bàbá àti ọdún tí wọ́n fi í sí wọn láyà sínú ìwé náà. Bí wọ́n bá forúkọ bàbá sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ náà nígbà náà, wọ́n lè fún yín ní káàdì mìíràn. Ẹ ṣe é kí báátìrì tó tán o.