Ẹ gbà mí o, Google ti tú ìwé gbèsè mi fáyé

Ìyá Ìbejì Aláńkárá:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa fóònù, orí mi ti gbóná. Ẹ mọ̀ pé ańkárá àti léèsì ni mò ń tà lọ́jà Àtakúnmọ̀sà, àwìn ni ọ̀pọ̀ sì ń rà, ẹni tó bá lóun ò ní tàwìn ní Iléṣà kó lọ máa ta omi. Òjò wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́dún tó kọjá, ó ba ìwé gbèsè mi jẹ́, bírò ṣàn pọ̀ mọ́ra wọn débi pé mi ò mọ ta ló jẹ mí níye mọ́. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan sínú fóònù lálẹ́ kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù, Google Photos tó wà níbẹ̀ sì ń gbé e lọ pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àfi bí obìnrin kan láti Bọ́lọ́rundúró ṣe já wọlé níwájú àwọn oníbàárà mi, ó na fóònù sí mi lójú, ojú ewé ìwé mi ló wà níbẹ̀ gbàgàdà, orúkọ ẹ̀, 29,000 náírà, títí kan ibi tí mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ pé "ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́". Ó ní wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun ni. Ó ṣépè, ó bú ìyá mi tó ti kú, kò sì san owó o! Ta ló lè ṣe èyí bí kò ṣe Google? Mi ò fi ránṣẹ́ sẹ́nì kankan. Ọkọ mi ní òun ti kìlọ̀ fún mi, ẹni tí ò fi kọ́bọ̀ kan ràn mí lọ́wọ́ nígbà tí mo ra fóònù ọ̀hún. Mo ti fi ìbínú dílíìtì gbogbo àwòrán tó wà níbẹ̀ kí wọ́n má bàa rí nǹkan kan mú mọ́. Níbo ni mo ti lè fẹjọ́ wọn sùn?

Tísà Fẹ̀yìntì:
Gbogbo ìgbà ni mò ń sọ ọ́ níbí. Ohun tẹ́ ẹ bá ti gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe tiyín mọ́. Lọ́dún 2014 ńkọ́, tí àwòrán ìhòòhò àwọn òṣèré Hollywood tú jáde láti inú iCloud, ibi tí Apple ń bá èèyàn tọ́jú fọ́tò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Olówó nìyẹn o, tí wọ́n lè gba lọ́yà. Ẹ̀yin wá ń kó orúkọ èèyàn sí i.

Ṣọlá Ọlọ́fóònù:
Tísà, ẹ kú iṣẹ́ sà, àmọ́ àwọn olè yẹn ò já wọnú ẹ̀rọ Apple o. Ímeèlì ẹ̀tàn ni wọ́n fi ránṣẹ́, àwọn tó ni àkáǹtì fúnra wọn ló tẹ páàsìwọ́ọ̀dù wọn fún olè. Màmá Ìbejì, ẹ dá mi lóhùn: ímeèlì ta ló wà lórí fóònù yẹn, ta ló sì tún mọ páàsìwọ́ọ̀dù ẹ̀? Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́ ná.

Màmá Tòmíwá:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mo mọ bó ṣe ń rí. Fóònù tèmi já sínú kànga nígbà tí mò ń fa omi, gbogbo fọ́tò ìsìnkú bàbá mi ló wà níbẹ̀, ìkókó ọmọ mi àgbà náà wà níbẹ̀. Google yìí kan náà ló kó wọn padà fún mi lórí fóònù tuntun. Èmi ò ní bú u.

Ọmọ Ọbòkun:
Ẹ má gbàgbé pé àwọn náà máa ń ṣe é o. Ní oṣù kọkànlá 2019, àwọn kan lo Takeout láti kó fọ́tò wọn jáde lórí Google Photos, ni fídíò àwọn kan bá lọ já sínú ti ẹlòmíì tí wọn ò mọ̀ rí. Google fúnra wọn ló kọ̀wé tọrọ àforíjì. Nítorí náà ọ̀rọ̀ màmá lè rí bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì Aláńkárá:
Ọmọ Ọbòkun, Ọlọ́run á bù kún ẹ! Mo sọ bẹ́ẹ̀! Torí èmi náà ti ń rí àwòrán tí kì í ṣe tèmi nínú fóònù mi ọjọ́ ti pẹ́, àwọn tó kóra jọ síbi ìgbéyàwó tí mi ò lọ, àwo ìrẹsì, ọmọbìnrin kan tó di irun ṣùkú. Mo rò pé ìpolówó ọjà ni.

Ṣọlá Ọlọ́fóònù:
Ah. Màmá, ìpolówó ọjà kì í wọ gálárì. Ẹ wo ojú ọmọ tó di ṣùkú yẹn dáadáa, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Mo tún bi yín: ÍMEÈLÌ TA NI?

Lọ́yà Ilé:
Kí a tó dé Google, Màmá náà ò mọ́ o. Òfin Ìdáàbòbò Détà ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, orúkọ èèyàn àti gbèsè tó jẹ, àṣírí rẹ̀ ni. "Ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́" tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀ yẹn gan-an ló máa dùn ún jù.

Ìyá Ìbejì Aláńkárá:
Lọ́yà, ṣé kí n má kọ orúkọ ẹni tó jẹ mí lówó sílẹ̀ ni? Àwọn bàbá wa fi Òṣómàáló dé ibi gbogbo, wọ́n lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó fi jáde, kò sẹ́ni tó ka òfin sí wọn létí. Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre.

Tísà Fẹ̀yìntì:
Èmi, fláàṣì ni mo fi ń tọ́jú tèmi. Mi ò gbé nǹkan kan fún sánmà tí wọ́n ń pè ní "cloud" kankan.

Ọmọ Ọbòkun:
Sánmà kọ́ sà, ilé ni. Kọ̀ǹpútà ńláńlá tí wọ́n tò sínú ilé oníilé. Iná jó irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Strasbourg nílẹ̀ Faransé ní oṣù kẹta 2021, ti ilé iṣẹ́ OVHcloud, àwọn tí ò ní ẹ̀dà síbòmíì sì pàdánù. Àmọ́ fláàṣì yín náà, tó bá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ-ọmọ yín ńkọ́? Ẹyọ kan ò tó.

Tísà Fẹ̀yìntì:
Ọmọ-ọmọ mi kì í fọwọ́ kan nǹkan mi.

Màmá Tòmíwá:
😂😂 Gbogbo wa la ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì Aláńkárá:
Ṣọlá, ẹ má bínú, oníbàárà ló wọlé. Mo ti wò ó. Ọmọ tó di ṣùkú yẹn, ọmọ tó ń bá mi tajà tẹ́lẹ̀ ni, a jọ jà lórí owó kan ló fi kúrò, ó ti ń ta ańkárá tiẹ̀ báyìí lọ́nà Òṣogbo. Òun ló bá mi ṣí ímeèlì yẹn nígbà tí mo ra fóònù, orí fóònù tiẹ̀ ló ti ṣí i kó tó wá gbé e sórí tèmi. Mi ò mọ páàsìwọ́ọ̀dù ẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí rí. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ò lè ṣe irú ẹ̀, ọmọ ìjọ wa ni.

Ọmọ Ọbòkun:
Ẹ̀hẹ́n! Mo kó ọ̀rọ̀ mi nípa Google jẹ.

Ṣọlá Ọlọ́fóònù:
Màmá, ẹ ò ráyè àwáwí. Àkáǹtì kan ló wà lórí fóònù méjì. Ohun tẹ́ ẹ bá yà lálẹ́, ó wà lọ́wọ́ ọmọ yẹn kẹ́ ẹ tó délé. Ohun tó bá yà, ó wà lọ́wọ́ yín. Mi ò sọ pé òun ló fi ránṣẹ́ o, ẹni tó bá gba fóònù ẹ̀ lọ́wọ́ náà lè rí i. Ohun tó jẹ mí lógún ni èyí tẹ́ ẹ dílíìtì. Ibẹ̀ kì í ṣe backup, ìyẹn ẹ̀dà tó dá dúró, ọ̀kan náà ni àwọn ibi méjèèjì, ẹ pa á níbí, ó pa á lọ́hùn-ún. Àmọ́ Google Photos máa ń tọ́jú ohun tó ti gbé sókè sínú Trash, apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí ẹ̀, fún 60 ọjọ́. Ẹ ṣí app yẹn, ẹ wá Trash, ẹ mú gbogbo ẹ̀, ẹ tẹ Restore kó dá wọn padà. Ẹ má tíì yí páàsìwọ́ọ̀dù o! Tí ọmọ yẹn bá ti rí i pé ẹ ń lé òun jáde, ó lè gbá ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́. Ẹ kó àwòrán jáde sórí fláàṣì méjì ná, okùn OTG tí wọ́n fi ń so fláàṣì mọ́ fóònù ò wọ́n, kẹ́ ẹ fi ọ̀kan sílé, ọ̀kan sí ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn náà la máa ṣí ímeèlì tiyín gangan, pẹ̀lú nọ́ńbà yín.

Ìyá Ìbejì Aláńkárá:
Àwọn fọ́tò ìgbéyàwó yẹn ńkọ́? Mo pa wọ́n mọ́ tèmi.

Màmá Tòmíwá:
Yé! Ìyẹn ni pé ẹ ti pa fọ́tò ọmọ ọlọ́mọ náà?

Ìyá Ìbejì Aláńkárá:
Àbí ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí látàárọ̀ àná? Mo rò pé owó yẹn ló fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lé lórí, mi ò gbé e. Ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni.

Lọ́yà Ilé:
Ọ̀rọ̀ ti yí padà. Òun náà ti ní ẹjọ́ lọ́rùn yín báyìí.

Ṣọlá Ọlọ́fóònù:
Lọ́yà ẹ jẹ́ ká simi. Màmá, ṣé ẹ rí Trash?

Ìyá Ìbejì Aláńkárá:
Mo rí i. Gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀, ìwé gbèsè, ìrẹsì, gbogbo ẹ̀. Ó tún ń pè báyìí o. Ṣé kí n gbé e?

Tísà Fẹ̀yìntì:
Ẹ má gbé e.

Màmá Tòmíwá:
Ẹ gbé e jàre, kẹ́ ẹ sọ fún un pé fọ́tò ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ò tíì sọnù.

Ṣọlá Ọlọ́fóònù:
Restore ná màmá, Restore! Ẹ pè é padà tó bá parí.