Báwo ni mo ṣe lè bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ lórí orúkọ ọmọ mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìkòròdú ni mò ń gbé. Fẹ̀yìntọlá ni orúkọ ọmọ mi obìnrin; ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́, ni wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, orúkọ náà sì wù ú débi pé báírò pupa ló fi ń fi àmì ohùn sí i lára gbogbo ìwé rẹ̀.

Ní ilé-ẹ̀kọ́, “Féyì” ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń tún un ṣe fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá pè é bẹ́ẹ̀, yóò kàn dáhùn ni. Mo fi gbogbo àmì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, àmọ́ àpótí kéékèèké tó ṣófo ni kọ̀ǹpútà tẹ̀ síbi tí àmì yẹ kó wà. Mo fi YorubaName.com, níbi tí èèyàn ti lè gbọ́ bí a ṣe ń pe orúkọ, han olùkọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, “Féyì” náà ló sì tún pè é. (Ọmọ Yorùbá ni o!)

Ní ìparí sáà yìí, wọn yóò fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pè é wá gba ẹ̀bùn níṣojú ìyá àgbà náà. Mo rò ó pé kí n kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni wọ́n, n kò sì fẹ́ kó dà bíi pé mò ń kọ́ wọn ní Yorùbá.

Báwo ni mo ṣe lè gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ fún wọn láìsí àrífín? Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.